Owó SS4A fún ìlú kékeré: ó dára, àmọ́ ẹ múra
SS4A, owó ààbò ojú pópó tí òfin ọdún 2021 gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, rọ ìlú kékeré lọ́rùn: ìlú fúnra rẹ̀ ló ń béèrè, kò dìgbà tó bá gba ọwọ́ ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ lè san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlú á wá 20 yòókù. Owó ìdánwò rẹ̀ ló wúlò jù: ẹ ó fi ọ̀dà àti òpó oníke fún igun oríta pọ̀ kí ọkọ̀ máa rọra yà, ẹ ó wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́, kí ẹ tó da kọnkéré. Àmọ́ ìlú ló ń kọ́kọ́ náwó kí ìjọba àpapọ̀ tó dá a padà. Àpò tó gbẹ á dá iṣẹ́ dúró lágbede méjì. Láìsí ètò ààbò tó ti tọ́ka sí ibi tí ọkọ̀ ti ń pa èèyàn, ẹ ò lè rí owó ìkọ́lé gbà. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tó ń béèrè owó ti ń forúkọ sílẹ̀, ó máa ń falẹ̀.