Ilé gogoro tó ń lọ́, tí káfíńtà Pánsẹ́kẹ́ bá mi ṣe

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Technical Drawing ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta níbí. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń bi mí nípa àwọn ilé gogoro tó lọ́ bí okùn tí wọ́n ń rí lórí fóònù. Mo yà á sójú pátákó títí, kò yé wọn. Bí mo ṣe gbéṣẹ́ lọ bá káfíńtà kan ní Pánsẹ́kẹ́ nìyẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi pákó ṣe àwòṣe ilé fún àwọn akítẹ́ẹ̀tì.

Cayan Tower tó wà ní Dubai ni mo ní kó ṣe. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Ó ga tó mítà 306, ó ní àjà 75, àjà kọ̀ọ̀kan sì fi dígírì 1.2 yà kúrò lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá máa dókè, ó ti yí dígírì 90. Ìwọ̀n 1 sí 500 la lò, ìyẹn ni pé àwòṣe náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹgbẹ̀rún márùnlélógójì náírà ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá fún mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló tó parí ẹ̀. Nígbà tí mo sì kọ́kọ́ lọ wò ó, mo fi protractor wọ̀n ọ́n láti òkè, dígírì 104 ni mo bá! Ojú ló fi ń wọn pákó kan lórí èkejì, àṣìṣe bíńtín wá ń gun orí ara wọn lọ. Mi ò gbà á. Kò bá mi jiyàn. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lójú mi, ó fa òbírí sí pákó ìdí, ó pín ìdámẹ́rin rẹ̀ sí 75, ó wá fi okùn tó so irin mọ́ nídìí, bíi ti bíríkìlà, wọn pákó kọ̀ọ̀kan mọ́ àmì tirẹ̀.

Ibi tó ti wú mi lórí jù rèé. Ó ṣe kékeré kan, alájà mẹ́wàá, ó fi wáyà tó fì ṣe òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Àǹtí Tíṣà, ẹ fọwọ́ tẹ orí ẹ̀.” Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún lọ́ sí i lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, bí aṣọ tí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú ń fún, ó sì wó pẹlẹbẹ. Ó tò ó padà, ó ki páìpù bọ àárín rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Nígbà tó gbẹ, mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, kò mira.

Ohun tó gbé ilé Dubai ró nìyẹn. Òpó ẹ̀gbẹ́ fì, ìwúwo ilé fúnra rẹ̀ ló sì ń tì í kó yí, àmọ́ ọ̀pá kọnkéré roboto kan wà láàárín tó dúró ṣánṣán, inú rẹ̀ ni lífìtì ń gbà. Lífìtì kò lè lọ́! Ní Turning Torso, ilé gogoro mìíràn tó lọ́, tí akítẹ́ẹ̀tì Santiago Calatrava yà fún ìlú Malmö ní Sweden, ògiri ọ̀pá àárín náà nípọn tó mítà 2.5 nísàlẹ̀, lókè, ó kù 0.4.

Ọmọ SS2 kan fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó bi mí pé ṣé kò ní wó. Mo ní ilé tó bá gùn gbọọrọ láìyí, ọ̀nà kan náà ni atẹ́gùn máa ń gbà mì ín láti ìsàlẹ̀ dókè. Èyí tó lọ́, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kọ sí i ní àjà kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn ò sì lè fẹnu kò láti mì ín.

Iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà yìí tó owó tó gbà. Bẹ́ ẹ bá lọ bá a, ẹ ní kó fi pákó gidi tó nípọn ṣe ìdí rẹ̀, torí tèmi ti ń wọ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.