Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ Ubuntu wa: WhatsApp ni àbí wiki?

Ìbéèrè yìí kì í tán láàárín àwa tí à ń ṣètò ìpàdé àwọn tó ń lo Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, ní Yábàá. WhatsApp ò náni lówó púpọ̀, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n já fóònù mi gbà ní Òṣòdì, orúkọ àwọn tó ń yá wa ní jẹnẹrétọ̀ bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Wiki, ìyẹn ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ máa kọ, gba sùúrù láti kọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Àmọ́ ó ń pa ẹ̀dà àtijọ́ mọ́, ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́ ń hàn.

Bí ẹ ò bá pọ̀, WhatsApp tó. Bí olórí bá ń yí padà lọ́dọọdún, ẹ lo wiki.