Ẹ̀rọ TENS fún ẹ̀yìn ríro: ohun tí mo rí nípa ìlù ọkàn mi

Fún ẹ̀yìn ríro, ẹ̀rọ TENS yìí, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná díẹ̀ ta ara láti dín ìrora kù, ṣiṣẹ́ fún mi. Fún ọkàn, ẹ má tìtorí ẹ̀ ná kọ́bọ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ báyìí, nítorí àwọn tó ń kiri ẹ̀ ní Pańṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí àti àwọn tó ń polówó ẹ̀ lórí Facebook ti sọ ọ́ di gbogboǹṣe: wọ́n ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́, ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà lọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, ìrora nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú. Ẹni tó bá mọ ọjà wa á mọ̀ pé orí àpótí la ń jókòó sí láti àárọ̀. Bí oníbàárà bá sì dé, ká tú ìdìpọ̀, ká bẹ̀rẹ̀, ká nàró, ká tún dì í padà. Ìbàdí ló kọ́kọ́ ń ro mí kó tó gba ẹ̀yìn. Mo sì tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí ọmọkùnrin físíò tó ń tọ́jú ẹ̀yìn mi kó wáyà àti páàdì tó ń lẹ̀ mọ́ra jáde. Mo ní, "Dókítà, ṣé iná yìí ò ní lọ bá ọkàn mi báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, mà. Agbègbè ibi tí páàdì bá wà ni iná ń gbà, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn la sì gbé e sí. Ẹ ṣáà má gbé e sáyà, ẹ má sì gbé e sọ́rùn níwájú." Lẹ́yìn tí mo ti rí i pé ara ń tù mí, mo ra tèmi sílé.

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wáyà méjì ló ní, páàdì méjì lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tan án, á máa gún yín ṣínṣín bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tó kú bá ń jí. Ẹ lè jẹ́ kó máa yára, bí ìgbà 80 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ sì lè jẹ́ kó falẹ̀, bí ìgbà 2 sí 4, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹran ara fò pì-pì-pì. Èyí tó ń yára ló bá mi lára mu. Ní 1965 ni àwọn olùwádìí méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé pé ó dà bíi pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìrora ń gbà kọjá lọ sí ọpọlọ, pé bí iṣan tó ń gbé ìfọwọ́kàn bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, ilẹ̀kùn yẹn á sé díẹ̀. Bí a bá gbá eékún mọ́ nǹkan, ṣebí ọwọ́ la kọ́kọ́ fi ń ra á. Iná fún ìrora kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ òde òní. Ó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún tí Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, ti ń fi ẹja òkun tó ní iná lára tọ́jú ẹsẹ̀ ríro àti orí fífọ́. Apẹja odò Ògùn tó bá ti fọwọ́ kan òjìjí rí kò nílò àlàyé púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọkàn. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru (BP) mi, mo ní ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé, òun náà ló sì ń ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ti ọjà dé tí ẹ̀yìn ń ro mí, ó máa ń ka 86 tàbí 84. Tí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo lo TENS fún ìdajì wákàtí, á wá sí 78, nígbà mìíràn 77. Ṣé ẹ rí i? Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dúró, èmi náà ì bá ti máa bá wọn polówó. Ṣùgbọ́n mo tún dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, páàdì lára mi, àmọ́ mi ò tan ẹ̀rọ. Ó ka 79. Ìsinmi ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe iná.

Ìdàkejì ẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àbúrò ọkọ mi yá a, ó sì yí i sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ọkùnrin lòun. Ariwo tó pa, àwọn ará ilé kejì gbọ́. A wé ẹ̀rọ BP mọ́ ọn lápá: 104. Ìrora àti ìpayà máa ń jẹ́ kí ọkàn sáré. Bí ìrora bá dín, ọkàn náà á rọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn tí ara wọn dá, ibòmíràn ìlù ọkàn dín díẹ̀, ibòmíràn kò yí padà rárá. Ohun tí kò dúró lójú kan bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi rọ́pò oògùn.

Àwọn olùtajà tún máa ń fi ọ̀rọ̀ iṣan vagus, iṣan tó ti ọpọlọ lọ sí ọkàn, da ọ̀rọ̀ rú. Òótọ́ ni pé iṣan yẹn ló ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́, òótọ́ sì ni pé ẹ̀ka ẹ̀ kan wọ etí, tí àwọn olùwádìí ń fi iná díẹ̀ tọ́ ọ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ vagus tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1997, wárápá ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, iṣẹ́ abẹ sì ni wọ́n fi ń gbé e sábẹ́ awọ àyà. Kò bá tinú páálí ọjà tan. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé páàdì TENS sí yín lọ́rùn nítorí ẹ̀, torí ibi tí ara ti ń wọn agbára ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Tí iná bá ta á, ìlù ọkàn lè ṣàdédé wálẹ̀, kí ojú ṣú èèyàn, kó sì ṣubú.

Ẹni tí wọ́n ti fi pacemaker, ẹ̀rọ tó ń ran ìlù ọkàn lọ́wọ́, sí láyà kò gbọdọ̀ dán TENS wò láìjẹ́ pé dókítà ọkàn rẹ̀ fọwọ́ sí i. Aláboyún kò gbọdọ̀ gbé e síkùn, kí oníwárápá náà kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá sì lọ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, ẹ tú u kúrò lára, nítorí iná ẹ̀ máa ń da ohun tí wọ́n ń yà rú.

Àbùkù tó bí mi nínú jù ni páàdì. Ooru Abẹ́òkúta kò jẹ́ kó lẹ̀ pẹ́. Àgùn díẹ̀, ó ti ṣí. Bí ẹ bá fi òrí para, kò ní lẹ̀ rárá, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e sí i. Ìwé inú páálí tún wẹ́ débi pé ọmọ mi ló ń bá mi kà á. Bátìrì kò ṣe mí níbi, ó ń pẹ́ kó tó kú, kódà bí kò bá síná. Ẹ̀rọ tí wọn ò bá ta páàdì ẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má rà á o. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tà mí ní irú ẹ̀, mo dá a padà fún wọn.