Kíláàsì alẹ́ tó tú "by" palẹ̀ fún mi

Káfíńtà ni mí, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Oníbàárà kan ló sọ mí di ọmọ iléèwé lẹ́ni ọdún 46. Ó gbé iṣẹ́ àga mẹ́wàá fún mi, ó sì kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n kó wọn dé "by Friday". Èmi mọ̀ pé "by the door" ni ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo bá gbà pé "by Friday" ni ẹ̀gbẹ́ Jímọ̀. Ṣé Sátidé ò wá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jímọ̀ ni? Aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé ni mo já àga sílẹ̀. Àwọn àlejò ti jókòó sórí àga rọ́bà tí wọ́n sáré lọ háyà. ₦40,000 ni wọ́n yọ nínú owó iṣẹ́ mi.

Ìyàwó mi ló rí pátákó kíláàsì náà. ₦15,000 lóṣù, ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n dìídì là á kalẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké méjì ni wọ́n ń tú palẹ̀ lóṣù kan. "On" àti "by" ni tiwa. "On" ò nira, ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀.

Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ kọ́ wa ò lè ju àkọ́bí mi lọ, ṣùgbọ́n "Àǹtí" ni gbogbo wa ń pè é. Òun náà kì í pè wá síwájú láìsọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà". Kò ṣí ìwé rárá. Ó ní, "Sà, pákó wo lẹ máa ń rà ní Bódìjà?" Mo ní tú-bàì-fọ́ọ̀, tú-bàì-tiríì, tú-bàì-tú. Ó ní, "Ẹ ti mọ 'by' kan nìyẹn. Ínṣì méjì níhà kan, mẹ́rin níhà kejì, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn." Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń pe ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò rò ó rí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ.

Ó ní ìsúnmọ́ra ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà látayébáyé, pé àwọn ará Jámánì ṣì ní ìbátan rẹ̀, "bei", tí wọ́n ń lò fún ìtòsí. Ẹ ò wá rí i pé mi ò kúkú ya òmùgọ̀ tán lórí ọ̀rọ̀ Jímọ̀! Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé tó bá kan àkókò, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Iṣẹ́ lè parí lọ́jọ́ Ajé, ó lè parí ní Jímọ̀ gan-an, kó má ṣáà ti kọjá ibẹ̀. Ó wá gbé "until" tì í: "until Friday" ni pé kí n máa bá iṣẹ́ lọ títí Jímọ̀ á fi dé, "by Friday", kí n ti ṣe é tán. Télọ̀ tó jókòó tì mí mí kanlẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ti yọ owó tòun náà rí.

"Made by" ló dùn mọ́ mi jù. "Made by hand", "made by Làmídì", ọ̀kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Àwa ò jẹ́ da ọwọ́ pọ̀ mọ́ ẹni tó lọwọ́: ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, Làmídì ló ṣe é. Àǹtí ní ká yéé wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó máa dúró fún "by", ká máa wo iṣẹ́ tó ń ṣe níbi tó wà. "One by one" di lọ́kọ̀ọ̀kan, "by mistake" di pé a ṣèèṣì, "by force" di tipátipá. "By heart" pa wá lẹ́rìn-ín: àyà ni tiwọn ń gbé, àwa ń há tiwa sórí. Ti owó ni mo sàmì sí nínú ìwé mi. Bí wọ́n bá ní owó pákó lọ sókè "by ₦2,000", ₦2,000 ni wọ́n fi lé e. "To ₦2,000" ni iye tó dà. Ẹni tó bá kà á sódì á gbé gbèsè.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ "by transfer" àmọ́ "in cash", "by car" àmọ́ "in my car". Ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kò parọ́ fún mi, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ló bà jẹ́. Àǹtí rìnrìn àjò, wọ́n rán bàbá kan sí wa pẹ̀lú bébà tí wọ́n to ọgbọ̀n ìtumọ̀ "by" sí. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó ní ká lọ há a sórí. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi parí ẹ̀. Àwọn bẹ́ǹṣì ńkọ́? Ìṣó lásán, kò sí gọ́ọ̀mù kankan ní oríkèé wọn. Bí ẹnì kan bá ń kọ̀wé, gbogbo wa là ń mì. Mo ní màá bá wọn tún un ṣe kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

"For" àti "with" ló kàn. Mo ti pè wọ́n láti mọ̀ bóyá Àǹtí ti dé, kí n tó sanwó.