Mo ra dámpà sí máṣíìnì 650 mi, mo tú u, mo tún dè é padà

Ọjọ́ tí háńdù kọ́kọ́ gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́, nǹkan bíi 75 km/h ni mo wà, mi ò sáré rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ iná sílẹ̀ ni, mo mú ọwọ́ òsì kúrò kí n fi tún akoto mi ṣe, bí orí máṣíìnì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí n tó wí kí n tó fọ̀ ó ti di gìrìgìrì. Mo sáré dá ọwọ́ padà, ó dákẹ́, àyà mi ò dákẹ́ ní tiẹ̀. Mo gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo jókòó síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè tún gùn ún. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mo ra steering damper, ìyẹn dámpà, ohun tí wọ́n fi ń dè háńdù kó má bàa já gbà.

Èyí tí mo rà, èyí gbọọrọ tó dà bíi pọ́ǹpù kékeré ni. Apá kan ẹ̀ wọ ara férémù, apá kejì di ṣọ́ọ̀kì iwájú mú. Ọ́ìlì ló wà nínú ẹ̀, pístìn kan wà láàrin ọ́ìlì yẹn tó ní ihò tín-ín-rín. Tẹ́ẹ bá rọra yí háńdù, ọ́ìlì á rọra gba ihò yẹn kọjá, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Tí háńdù bá fẹ́ já gbà lójijì, ọ́ìlì ò ní ráyè kọjá kíákíá, á dè é lọ́wọ́. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Kò mọ títì, kò mọ kòtò, bí háńdù ṣe ń yára yí nìkan ló mọ̀. Nǹkan roboto kan wà ní ìdí ẹ̀ tẹ́ẹ máa fi ìka yí tẹ́ẹ bá fẹ́ kó le tàbí kó rọ̀, ó máa ń dún tẹ́, tẹ́, tẹ́, ipò 18 ló ní.

Dídè ẹ̀ gbà mí tó wákàtí méjì. Irin tí wọ́n fi ń so ó mọ́ra dáa, bóòtù ẹ̀ le, ó wọlé wẹ́kú, àmọ́ ìwé tí wọ́n kó sínú páálí ẹ̀ ò sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù, èyí sì dùn mí gan-an torí ẹlòmíì máa ti ibẹ̀ ṣèṣe. Tẹ́ẹ bá ti dè é tán, ẹ yí háńdù títí dé òpin lápá òsì, kẹ́ẹ tún yí i dé òpin lápá ọ̀tún, kẹ́ẹ wò ó dáadáa bóyá irin dámpà ṣì ṣẹ́kù díẹ̀ lápá méjèèjì. Ara férémù ló yẹ kó dá háńdù dúró, kì í ṣe dámpà. Tó bá jẹ́ dámpà ló kọ́kọ́ dé òpin, ọjọ́ tí máṣíìnì bá ṣubú lójú kan báyìí, irin ẹ̀ á tẹ̀, irin tó bá sì ti tẹ̀ lè há háńdù mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tẹ́ẹ fẹ́ yí kọ́ọ̀nà. Tèmi nígbà àkọ́kọ́, lápá ọ̀tún, irin ti tán nígbà tó ṣì ku bí ìbú ìka kan kí háńdù dé òpin. Mo tú u, mo sún ìdè ẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n kó tó bọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ inú mi dùn. Ipò 12 ni mo fi í sí, háńdù ò gbọ̀n mọ́, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n lọ ra dámpà. Ohun kan ṣoṣo tó ń yọ mí lẹ́nu ni inú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, níbi tá a ti ń rìn bí ìrìn ẹsẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n o, àmọ́ tẹ́ẹ bá ń rọra lọ báyẹn, ọwọ́ yín kì í sinmi, ẹ máa ń fi háńdù tọ́ máṣíìnì sọ́tùn-ún sósì ní kéékèèké kó má bàa ṣubú. Dámpà tó bá le ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín yá tó, máṣíìnì á wá máa ya kiri bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Mo fara da ìyẹn, mo ní ó kúkú sàn ju gbígbọ̀n lọ.

Bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì kan, àgbàlagbà ni wọ́n, kí wọ́n bá mi pààrọ̀ táyà iwájú. Wọ́n rí dámpà, wọ́n dúró wò ó díẹ̀.

"Ọmọ mi, kí leléyìí ń bá ẹ ṣe níbí?"

Mo ní, "Bàbá, háńdù ló máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀."

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n tú apá kan dámpà kúrò, wọ́n fi jáàkì gbé iwájú sókè títí táyà fi kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kí n fi ìka kan ṣoṣo rọra tari háńdù láti òsì bọ̀ sí ọ̀tún. Mo tari ẹ̀. Ó ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́, nígbà tó dé àárín gan-an, ibi tí táyà ti kọjú síwájú tààrà, ó ṣe "kọ̀", ó bọ́ sínú kinní kan, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ní láti tún fi agbára díẹ̀ tì í kó tó kúrò. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mú, wọ́n fà á síwájú, wọ́n tì í sẹ́yìn, èmi náà sì gbọ́ ọ: kọ́, kọ́, kọ́.

"Bíárìn orí ẹ ti jẹ. Ìyẹn ló ń gbọ̀n, o wá lọ so ó lọ́wọ́."

Nígbà tí wọ́n yọ bíárìn yẹn jáde, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí orí máṣíìnì lè yí sọ́tùn-ún sósì, tí wọ́n nù ún, àwọn àpá wẹ́wẹ́ kan tò yí ojú irin ẹ̀ ká, wọ́n jìnnà síra wọn dọ́gbadọ́gba, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ amọ̀ tútù. Ibi tí ọmọ bíárìn kọ̀ọ̀kan ti ń gún un nìyẹn látọdún yìí wá. Gíríìsì ẹ̀ ti gbẹ, ó ti di dúdú. Táyà iwájú tá a fẹ́ pààrọ̀ náà, tẹ́ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú, ṣe ló ń gun tó ń sọ̀, kò jẹ dọ́gba, irú táyà bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti mú háńdù gbọ̀n láàárín 60 sí 80 km/h téèyàn bá dẹ iná sílẹ̀, àgàgà tí ọwọ́ ò bá sí lórí ẹ̀. Gbogbo oṣù kan ààbọ̀ yẹn, mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé dámpà yẹn ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ó ṣe é débi pé mi ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé bíárìn ti ń lọ títí tó fi máa bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

A pààrọ̀ bíárìn, a pààrọ̀ táyà, a bálánsì ẹ̀, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí ìwé máṣíìnì ṣe sọ ọ́. Dámpà wà nínú páálí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo padà sójú títì kan náà, mo dẹ iná sílẹ̀ ní 75, ọwọ́ mi ṣì wà lórí háńdù o, mo kàn dẹ ìka ni. Kò gbọ̀n. Mo dán an wò bí ìgbà mẹ́jọ, kò gbọ̀n.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní máṣíìnì àárín, láti 500 dé bí 800 cc, tó wá bi mí pé ṣé kóun ra dámpà, ìbéèrè tèmi ni pé ṣé ẹ ti gbé iwájú ẹ̀ sókè wò? Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Yamaha MT-07 ò bá dámpà wá láti ilé iṣẹ́, Suzuki SV650 náà ò ní. Wọ́n ti dagun ṣọ́ọ̀kì wọn lọ́nà tí táyà á fi máa fúnra ẹ̀ padà sí àárín. Ẹ wo ẹsẹ̀ àga ọ́fíìsì tó ní táyà kékeré: ibi yòówù tẹ́ẹ bá tì í sí, táyà yẹn á yí tẹ̀ lé e lẹ́yìn, torí ibi tó ti kan ilẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ àga. Nǹkan kan náà ló wà níwájú máṣíìnì: tẹ́ẹ bá fa ìlà gba ibi tí orí ẹ̀ ti ń yí dé ilẹ̀, ẹ̀yìn ìlà yẹn ni táyà ti kan ilẹ̀. Bó ṣe jìnnà sí i tó, ti MT-07 jẹ́ nǹkan bíi 90 mm, ti SV650 ju 100 mm lọ. Àmọ́ ẹ tún sáré ti àga yẹn, ẹ ẹ́ rí i pé táyà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tata. Ó ní ibi tí eré máa dé kí gbígbọ̀n yẹn tó bẹ̀rẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti so ó bá sì ti ń mì, á tètè bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé dámpà ò wúlò o. Suzuki ṣe TL1000S jáde ní 1997, ọwọ́ ẹ̀ ń já gbà débi pé wọ́n ní láti pè é padà kí wọ́n lè fi dámpà sí i. Honda ní tiẹ̀ fi èyí tó ń lo iná mànàmáná sí CBR1000RR ti 2004, á rọ̀ tẹ́ẹ bá ń rọra lọ, á le tẹ́ẹ bá ń sáré, ìyẹn ló yanjú wàhálà sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Láàrin àwọn máṣíìnì àárín pàápàá, KTM 790 Duke bá dámpà wá. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ sáré lórí pápá ìdíje, ẹni tó ti gbé ẹ̀yìn máṣíìnì sókè tàbí tó ti rẹ iwájú ẹ̀ sílẹ̀ kó lè tètè yí, ẹni tó ń gba orí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ìyẹn mi ò bá a jà. Ti iyanrìn yẹn, dámpà roboto tó máa ń jókòó sórí háńdù ló dáa jù fún un, torí wọ́n lè ṣe é kó máa di háńdù mú nígbà tó bá ń kúrò ní àárín nìkan, tó bá ń padà bọ̀ kó fi í sílẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀ ọ́n: gbígbọ̀n oríṣi méjì ló wà. Èyí tí mo ń sọ látàárọ̀, háńdù nìkan ló ń gbọ̀n, ó yá gan-an, ó lè tó ìgbà 4 sí 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkejì, gbogbo máṣíìnì ló ń jù látòkèdélẹ̀ bí ejò tó ń wọ́ lọ, kò yá tó ti àkọ́kọ́, orí eré tó pọ̀ ló sábà máa ń wáyé, pàápàá tẹ́ẹ bá di ẹrù tó wúwo sẹ́yìn. Dámpà ò ran ìkejì yìí lọ́wọ́, ó tiẹ̀ lè mú un burú sí i. Ẹrù yẹn ni kẹ́ẹ gbé wá síwájú tàbí kẹ́ẹ dín in kù, kẹ́ẹ yẹ afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn wò, kẹ́ẹ mú sípíríìnì ẹ̀yìn le díẹ̀. Èyí yòówù kó bá yín lójú títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún háńdù pa, ẹ má sì fa bíréèkì lójijì. Ẹ fi orúnkún méjèèjì gbá táǹkì mú, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ dẹ iná díẹ̀díẹ̀.

Mo ti dè é padà báyìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà tí wọ́n ti lẹ kọ̀ltá ẹ̀ láìmọye ìgbà, níbi tí mo ti ń jáde nínú kọ́ọ̀nà tí mo sì ń fún un níná, iwájú máa ń fúyẹ́ níbẹ̀, háńdù máa ń ta lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Dámpà ń pa títa yẹn. Ipò 5 ni mo fi í sí, mi ò jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára mọ́ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń tú apá kan ẹ̀ kúrò, mo ń gbé iwájú sókè, mo ń fi ìka kan tari háńdù.

Dámpà náà fúnra ẹ̀, 4 nínú 5 ni mo fún un. Mo yọ máàkì kan torí ìwé inú páálí ẹ̀ yẹn, àti torí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ọ́ìlì ti ń sun díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ibi tí irin ẹ̀ ti ń wọlé, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn bí òrùka dúdú. Wọ́n ń ta rọ́bà ẹ̀ lọ́tọ̀, ó ṣe é tú, ó ṣe é pààrọ̀. Mo ti béèrè fún tèmi.