Àpò koríko gbígbẹ tí mo rà fún ehoro mi tí eyín ń yọ lẹ́nu

Gbogbo ará àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá ló ti bi mí rí pé ọjọ́ wo la máa se Òwú, ehoro wa. A ò ní í sè é. Ọmọbìnrin mi ló ni ín, owó tí mo sì ti ná lórí eyín rẹ̀ tó ra ehoro mìíràn.

Oṣù Máàṣì ni mo kíyè sí i pé irun abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ń tutù. Mo ṣebí omi tó mu ni. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kárọ́ọ̀tì sẹ́nu, ó tún jù ú sílẹ̀. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jù ú sílẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń tó ẹyọ ẹ̀wà wá rí wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà.

Dókítà ẹranko tan iná sí i lẹ́nu, ó ní kí n wá wò ó. Eyín iwájú tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ehoro ò ní nǹkan kan. Àwọn ti inú lọ́hùn-ún tó fi ń rún oúnjẹ ló ti yọ ṣóńṣó bí ẹ̀gún, tí wọ́n ń gún un láhọ́n. Eyín 28 ló wà lẹ́nu ehoro, kò sì sí èyí tí kì í hù nínú wọn títí ayé ẹ̀. Tiwájú lè fi bíi mìlímítà 2 ga lọ́sẹ̀ kan. Dókítà bi mí pé kí ló ń jẹ. Mo ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ ehoro oníhóró tí wọ́n ń tà, kárọ́ọ̀tì, búrẹ́dì díẹ̀. Ó mirí. Ó ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ṣe ló kàn ń fọ́ ọ. Koríko ló ń jẹ́ kí àgbọ̀n rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ ata, ibẹ̀ sì ni eyín ti ń jẹ ara wọn. Wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré rẹ́ eyín náà. Wọn ò ní kí n febi pa á kó tó dé ibẹ̀ o, torí ehoro kì í bì.

Bí mo ṣe wá koríko lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn: àpò kílò 2, ₦6,000, láti Èkó. Àpò àkọ́kọ́ ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ. Ìgbà tí mo tú u, ìdí rẹ̀ ti bu. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní kí n sá a sóòrùn. Ohun tó ti bu! Ọjọ́ mẹ́fà la fi fà á kó tó fi òmíràn ránṣẹ́.

Èyí dáa. Ó ṣì tutù lójú, igi rẹ̀ gùn, ó ń ta sánsán bí koóko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Òwú kọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo dín pẹ́lẹ́ẹ̀tì kù sí ṣíbí méjì lójúmọ́, mo ki ewé igbálódé díẹ̀ sáàárín koríko. Lọ́jọ́ kẹta mo gbọ́ ṣùkù-ṣùkù. Mo yọjú: ó ń fa igi koríko kan wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ sùpàgẹ́tì, àgbọ̀n rẹ̀ ń yí.

Igi tí ehoro ń gé jẹ àti òkúta iyọ̀ tó ń lá, tí ẹni tó ta koríko fi ṣe ènì, ò wúlò fún ìṣòro tiwa. Eyín iwájú nìkan ló ń kan igi yẹn. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n máa fi ohun ìgé-èékánná gé eyín rẹ̀ nílé. Ẹ má dán an wò, eyín lè là dé ìdí.

A padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù Júùnù. Ẹ̀gún ò sí, àmọ́ dókítà ní ó ṣì lè padà, ká máa gbé e wá. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún koríko yìí. Eruku rẹ̀ pọ̀, mo máa ń gbọ̀n ọ́n níta kó má baà máa sín, owó rẹ̀ sì wọ́n fún koríko, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tí òjò bá dá, èèsún ẹ̀yìn ilé wa lèmi máa gé sá. Nínú òjò yìí, kò lè gbẹ, nítorí náà mo ti ra àpò kẹta.