Áàpù tí mo fi ń ka ọjà ní Gate: ó ti ń tò ó kíákíá báyìí, àmọ́ mi ò tíì san ti ọdún

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti ń bi mí pé ṣé kẹ́ẹ gba áàpù tí mo fi ń ka ọjà, mi ò dáhùn látijọ́ torí inú ń bí mi sí àwọn oníáàpù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni, ẹ jẹ́ n wá sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní dárúkọ wọn o, mi ò fẹ́ wàhálà.

Spare parts ni mo ń tà ní Gate, n'Íbàdàn níbí. Oríṣi ọjà tó wà lọ́wọ́ mi lé ní 3,000, pádì bíréèkì Camry nìkan oríṣi méje, ká má tíì dé orí fíltà àti plọ́ọ̀gì. Inú Chrome lẹ máa ti ṣí áàpù náà, kò gba àyè púpọ̀ lórí fóònù, ìyẹn wù mí. Orúkọ ọjà, iye tó kù àti iye owó wà lókè lísìtì, tẹ́ẹ bá tẹ "iye tó kù", ó yẹ kó to èyí tó ti ń tán sókè kẹ́ẹ lè mọ ohun tẹ́ẹ máa lọ rà.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ojú fóònù á kàn gan, kò ní yí, kò ní sọ pé ẹ dúró ná. Mo fi aago ká a lọ́jọ́ kan, sẹ́kọ́ńdù 11! Bàbá mẹkáníìkì kan láti Mọ́kọ́lá dúró níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, mo ń tẹ fóònù, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọjà lò ń tà àbí o ń gbàdúrà sí fóònù?" Kí fóònù ó tó jí, ọmọ iṣẹ́ mi ti wọlé, ó ti gbé fíltà jáde, bàbá ti sanwó. Èyí tó tún wá burú ni pé bí kò ṣe dáhùn yẹn, mo á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àṣé ó ń ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tó bá jí á tò ó bí mo ṣe fẹ́, á tún yí i padà sódìkejì lójú ẹsẹ̀, èyí tó pọ̀ jù á wá wà lókè. Ẹ ò rí ayé?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Poly, mo gbé e fún un. Ó ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù, ó wo ibi tí wọ́n ń pè ní Performance nínú Chrome, tó ń fi ohun tó ń jẹ àsìkò hàn, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, títò yẹn gangan kọ́ ló ń pẹ́ o." Ó ní téèyàn bá fẹ́ to nǹkan 3,000, bí ìgbà 35,000 ló máa fi méjì méjì wéra, fóònù á ṣe ìyẹn kẹ́ẹ tó ṣẹ́jú. Ohun tó ń pa á ni pé tó bá ti tò ó tán, á tún gbogbo ìlà 3,000 yà sójú fóònù, tòun ti fọ́tò àti bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ ìlà mẹ́jọ péré lojú ń rí. Ó dà bí kí wọ́n ní kẹ́ẹ mú plọ́ọ̀gì kan wá, kẹ́ẹ kó gbogbo ṣọ́ọ̀bù síta títì, kẹ́ẹ tún kó o wọlé. Ó tún rí i pé gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fi orúkọ méjì wéra ló ń gbé òfin álífábẹ́ẹ̀tì tuntun jáde, ó ní kí wọ́n ṣe Intl.Collator (ohun tó ń sọ fún áàpù bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò tẹ̀ léra) kan ṣoṣo, kí wọ́n máa lo ìyẹn títí. Ó bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Wọ́n gbọ́ ṣá. Èyí tó jáde báyìí, ìlà tó wà lójú nìkan ló ń yà, tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò tó sẹ́kọ́ńdù kan, fóònù kan náà o, mi ò rà tuntun. Ní ti ìyẹn mo kan sárá sí wọn.

Àmọ́ tẹ́ẹ bá fọwọ́ fà á sílẹ̀ kíákíá, á funfun báláú díẹ̀ kí ọjà tó yọjú. Find in page inú Chrome náà ò rí ọjà tí kò bá sí lójú mọ́, àfi kẹ́ẹ lo ibi ìwárí tiwọn. Ti bátìrì náà ń bẹ, tẹ́ẹ bá ní kó tò ó, bátìrì 100 ló ń gbé ṣáájú ti 45 àti 75, torí bí ọ̀rọ̀ ló ṣe ń ka nọ́ńbà, 1 ṣáájú 4 lójú tiẹ̀.

Ojú ewé tí mò ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè sí nínú áàpù náà ló wá dùn mí jù. Mo máa ń fi àmì sórúkọ èèyàn dáadáa, áàpù wá kó gbogbo Ṣ àti Ọ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Z. Ọmọ yẹn ní wọn ò fọwọ́ kan ojú ewé yẹn rárá, tí wọ́n bá sọ fún Collator pé Yorùbá ni, Ọ á tẹ̀lé O, Ṣ á tẹ̀lé S. Alhaji kan tórúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣ ti jẹ mí lówó ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin láti oṣù kejì, mi ò rántí, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, wọ́n sì ń kí mi lójoojúmọ́. Mo ti kọ̀wé sí àwọn oníáàpù nípa ẹ̀. Títí wọ́n á fi tún un ṣe, oṣù kan oṣù kan ni mo máa máa san.